Ẹni Tí Wọ́n Bá Pa Láyò

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣọ́ àwọn ìwé yìí
ní Arákàlẹ́, l'Ákùrẹ́.
Èmi àti ikán la jọ ń ṣí wọn wò,
ikán ń ka tiẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: Ẹ DÁKẸ́.
Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́.
Wọn ò wá.

Ni mo bá gbé ọpọ́n bàbá mi wá láti Ìdànrè,
mo gbé e sábẹ́ fèrèsé, níbi tí òrùlé ò ti jò.
Lẹ́tà dé láti Alágbàká:
ṣé ilé ìkàwé nìyẹn ni, àbí ibùjókòó ọ̀lẹ?
N ò fèsì. Ọmọ ayò ni mò ń kà lọ́wọ́,
ó gbọ́dọ̀ pé méjìdínláàádọ́ta.

Òjò ló kọ́kọ́ lé Akínnádéjù wọlé,
ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́nu géètì wa.
Lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́kadà méjì, ìyá kan tó ń rán bọ́tìnnì,
àti Dúnsìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá,
tí báàgì ìwé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ.
Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe:
ẹni tí wọ́n bá pa láyò
ni yóò ka ojú-ìwé kan sí wa létí.

Ariwo dé! "Ta ló kọ́ ẹ láyò, òpè?"
Ọlọ́kadà kan kà nípa ìràwọ̀, ó ní irọ́ ni,
ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì
wá wò ó bóyá irọ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

Akínnádéjù nìkan ni kò kàwé rí.
Oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó pa á.
Ó jẹ méjì, ó jẹ mẹ́ta,
ó kó odù jọ bí ẹni ń kó iṣu sábà,
wọ́n ń pè é lọ́ta.
Èmi ni mo rí òógùn iwájú orí rẹ̀
nígbàkígbà tí ilé rẹ̀ bá ku ọmọ kan.
Ayò kọ́ ló ń bà á lẹ́rù.

Nírọ̀lẹ́ àná, ó ku òun àti Dúnsìn nídìí ọpọ́n.
Mo rí i. Ó ní ilé tí ìbá fi jẹ.
Ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀, ó fò ó.
"O ti pa mí," ló wí.
Ó nu gírísì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ṣí ìwé.
Dúnsìn fi ìka sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́.
Mo kọjú sí pẹpẹ ìwé bí ẹni ń wá nǹkan.

"A," ni Akínnádéjù wí.
Lóde, ẹnìkan ń pariwo pe alẹ́táyà.
Kò dáhùn.