Ìṣó Kan

Òfin owó orí tuntun ti dé, rédíò ló wí:
wọn ò ní gbowó lórí èrè ẹni kékeré mọ́.
Ìbídùn nu sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́,
ó wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsánlú:
rìsíìtì pupa, aláwọ̀ ewé, èyí tí òjò ti fọ̀ funfun,
ìṣó kan ló gbé gbogbo wọn rù.

“Mo kéré. Kí ni n ó fi hàn wọ́n?”

Ó ra ìwé, ó ń ṣírò:
yanrìn odò, epo ẹ̀rọ, owó ọmọṣẹ́.
Alẹ́ mẹ́ta.
Ó wá kan ojú ewé gbèsè.
Ta ló jẹ ẹ́ jù?
Káńsù. Ẹgbẹ̀ta búlọ́ọ̀kù,
ara ògiri ọ́fíìsì agbowó orí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó fa ìṣó yẹn yọ,
ìwé lábíyá, òòlù lọ́wọ́.