Àtẹ́wọ́ Inú Òkùnkùn

Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa sọdá,
ọdún kọkàndínlógún rèé tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń họ mí lójú.
Mo mọ ẹrù oníkálukú:
ẹni tó ra fèrèsé, ẹni tó gbé ajá aláìsàn,
ọkùnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ epo bọ̀ ní Àlìbẹ́tà
tí kò ní lò ju ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà.
Nítorí náà, nígbà tí Tamsin Keeping dé èbúté lóṣù kẹwàá,
ọmọ ọdún mọ́kànlá,
tó gbá àpótí kan mọ́yà bí ẹni gbé ẹyin,
mo bi í pé, "Ṣé o borí?"
Ó ní, "Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ."
Ó wo omi.
Mo já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí méjì.

Ní Tòróńtò, òun àti ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ síwèé:
títí ìdíje náà yóò fi jáde lórí tẹlifíṣọ̀n,
ẹnu ní láti wà ní títì.
Oṣù mẹ́rin!
Àgbàlagbà wà tí kò lè pa àṣírí mọ́
láti èbúté dé ilé ìfìwéránṣẹ́.
Ọmọ yìí pa á mọ́ ní erékùṣù tí a kò pé igba,
níbi tí o bá sín láàárọ̀,
wọ́n á ti máa bá ọ dárò òtútù kó tó di ọ̀sán.
Oníṣọ́ọ̀bù fi ṣokoléètì tàn án. Kò gbà á.
Irọ́ ni, ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Kò kàn sọ̀rọ̀ ni.
Olùkọ́ ní kó kọ àròkọ lórí ọjọ́ tí kò lè gbàgbé;
ó kọ nípa àbùùbùtán kan tó kú sí etíkun.

Oṣù kejì, yìnyín dé ojú fèrèsé.
Gbogbo wa kó sí gbọ̀ngàn ìjọ, àwa àti bùláńkẹ́ẹ̀tì wa.
A rí i lójú tẹlifíṣọ̀n lórí àpótí ìtìsẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìdáná wọn.
Ẹja oníyọ̀ tó rẹ fún òru méjì,
ànàmọ́, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tó dín gbẹ,
àti èso pupa kíkan tí à ń ṣà lórí àpáta wa.
Ẹja tí ó ti sú wa láti kékeré,
òun náà ló ń mú wa dá itọ́ mì lálẹ́ ọjọ́ yẹn.
Onídàájọ́ tọ́ ọ wò, ó dákẹ́,
ó tún bu òmíràn.
"Ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ ni..."

Ìjì já wáyà.
Gbogbo rẹ̀ ṣú biribiri.
Ẹnìkan bú èébú tí pásítọ̀ ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Nígbà náà ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀,
ọwọ́ méjì péré, ọwọ́ líle, ọwọ́ apẹja:
Garland, bàbá àgbà rẹ̀, adití.

Ṣé ẹ rí i, ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ahéré tí wọ́n ti ń la ẹja,
Tamsin máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, á tú gbogbo rẹ̀ síta.
Ó rò pé ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀.
Kò kíyè sí gíláàsì fèrèsé iwájú bàbá,
tí alẹ́ ti sọ di dígí,
tí ẹnu kékeré kan ń ṣí, tí ń pa dé nínú rẹ̀.
Etí tó bá di, ojú ni í bá a jẹ́ iṣẹ́.
Baba là ẹja. Kò bojú wẹ̀yìn.

Tamsin kígbe pé, "Bàbá àgbà, ẹ ti mọ̀!"
Kò gbọ́ ọ, kò sì rí i.
Ó ń pàtẹ́wọ́ lọ ni.
Àwa náà sì bẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò mọ ẹni tó kàn wá.

Iná kò dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.
Ọ̀pọ̀ wa kò tíì rí ìparí ìdíje náà dòní.