Èyí Tí Kì Í Pariwo

Ní Ṣómólú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni àkùkọ tiwa.
Kí oòrùn tó yọ ló ti ń kọ: gbàgà, gbàgà, gbàgà.
Òun ló gba etí ọ̀tún lọ́wọ́ bàbá mi
kí n tó mọ̀wé kà.

Sùfíánù Atẹ̀wé.
Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí,
ìwé ètò ìsìnkú tí kò lóǹkà,
inú kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ń kú lọ ló fi gbogbo rẹ̀ sí,
àti àpò náílọ́nù kan tó kún fún fílaṣi.
Ó lọ tán, àwọn ènìyàn ṣì ń kanlẹ̀kùn:
"Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò ìyá wa tí ẹ lò lọ́dún náà,
òun nìkan ló kù."

Mo wá ra àpótí onírin kékeré kan tí inú rẹ̀ ṣófo,
tó ní àyè fún háàdì méjì.
Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi ló máa jókòó sí,
torí yàrá kan ṣoṣo ni agbára ínfátà wa ká.
Ìyá mi sì rèé,
bí aáyán bá rìn lórí ìwé, á jí.

Ọ̀tígbà, ọjọ́ Sátidé.
Obiora gbé òmìrán jáde látinú páálí:
"Tẹràbáìtì mẹ́rìndínlógún! Ó yára bí àṣá."
Mo ní kó tàn án. Mo gbé etí lé e
bí agbẹ̀bí tó ń gbọ́ oyún.
Ó ń kùn, ó ń họ nǹkan nínú
bí eku tó há sínú àpótí aṣọ.
Ara rẹ̀ ti gbóná kí a tó dúnàádúrà tán.
"Wáàtì mélòó ló ń jẹ?"
Obiora rẹ́rìn-ín: "Àbí ẹ fẹ́ fi ṣe ọkọ ni?"
Ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́, n kò bi í léèrè ohun tó ń jẹ.
Mo ti gbọ́n.

Ó gbé tòkúnbọ̀ wá. Owó rẹ̀ dùn mọ́ mi.
Mo ní kó fi wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ hàn mí:
ẹgbàá mọ́kànlélógún.
Wọ́n ti nu ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní,
ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í ṣe ìdọ̀tí.

Èyí tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀,
ó dákẹ́ bí òkúta,
owó ilé ọdún kan ni wọ́n ń pè é.
Mo gbé e padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́
bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Èyí tó lọ́ra ni mo mú.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti irínwó ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan,
kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sáré bá ẹnikẹ́ni.
Ọ̀kan lọ́wọ́ Obiora, ìkejì ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì,
kí wọ́n má lọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà
tí àìsàn kan náà máa pa lọ́jọ́ kan.
Ohun tí ọ̀kan bá gbọ́, kí ìkejì ti gbọ́ ọ.
(Owó ìkejì, mo ṣì ń san án.)

Ó gbọ̀n mọ́ tábìlì lálẹ́ àkọ́kọ́.
Mo gé sìlípáàsì rọ́bà bàbá mi sí mẹ́rin,
mo fi tẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ó dákẹ́.

Wọ́n múná lọ. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò pariwo títí,
epo tán nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ní aago mẹ́ta òru ìyá mi dìde jókòó.
"Ṣé ó ti kú ni?"
"Rárá o. Ó ń ṣiṣẹ́."
Ó na ọwọ́ nínú òkùnkùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e.
"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ó ní, "bí ẹni tó ń sùn."

Orúkọ ń kọjá lójú fóònù mi:
Ìdílé Ṣógbàmú. Ìdílé Àjósè. Àlùfáà Bùsàírì.
Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan,
wọn kò kanlẹ̀kùn.
Ìyá mi ti padà sùn. Ó ń hanrun,
n kò sì gbọ́ háàdì kankan mọ́.