A-DÚPẸ́

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sórí àga kan ní Olúyọ̀lé,
ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì tí òórùn ṣúgà rẹ̀
ń wọ aṣọ lára, débi pé èèrà mọ ọ̀nà ilé mi ní Pódò.
Èmi ni mo ń tẹ lẹ́tà.
Mánéjà á ní, "Mùkáílà, ti àná náà ni, orúkọ nìkan ni o máa yí."
N ó yí orúkọ.
Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kì í yí padà:
a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ni Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ wí.

Ibẹ̀ ni àwọn tó wà nídìí ààrò ti fún un lórúkọ.
"Wọ́n ti fún Adéọtí ní A-dúpẹ́."
"A-dúpẹ́ mẹ́rin ló jáde lánàá, ti Ọlọ́run ò sí níbẹ̀."

Àwọn àgbà ò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Sáàkì ni tiwọn.
Lẹ́nu Ìbàdàn tí ṣ àti s ti jọ ń sùn lórí ẹní kan,
ẹ ò lè mọ̀ bóyá wọ́n lé Bàbá Kàmórù níṣẹ́ ni
àbí wọ́n fi ṣàkì sí i lọ́bẹ̀.
Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín,
bó ti ń di bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ìyẹ̀fun.
Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àpò náà ò kún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ kan.
Owó oṣù tó wọlé ní ààbọ̀: álàátì tó ń tiro.
Ìsinmi tipá tí kò lówó nínú: ààwẹ̀ àìróṣù,
nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí oṣù máa lé.
Kásúà: ọmọ òní-ló-mọ.
Àwọn tó pe èèyàn wá dáhùn ìbéèrè, tí wọn ò tún pè é mọ́:
ẹ-ó-gbọ́-wa.
Rẹ̀mílẹ́kún àbúrò ìyàwó mi ní ẹ-ó-gbọ́-wa méje lọ́wọ́;
ó ní bí wọ́n bá pé mẹ́jọ
òun ó kó ìwé wọn fún alákàrà.
Àwọn ọ̀dọ́ Ṣáléǹjì ò tilẹ̀ ní í sọ pé wọ́n lé àwọn.
"Mo ti pa dátà wọn," ni wọ́n ń wí,
bí ẹni pé ọwọ́ tiwọn ló tẹ bọ́tìnì.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, a ti kírun tán,
mánéjà gbé bébà kékeré sórí tábìlì, kò wojú mi.
"Ti àná náà ni."
Mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀.
Ọwọ́ tó ti tẹ ọgọ́rùn-ún orúkọ láìṣìnà
ṣìnà nínú orúkọ tí ìyá mi sọ mí.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un tẹ̀.
Mo wo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, bóyá kí n yọ ọ́.
N kò yọ ọ́.
Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí àbùkù nínú iṣẹ́ mi.

Mo fẹsẹ̀ rìn wálé.
Èèrà ṣì tẹ̀ lé mi.
Bàbá ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé rédíò sétí.
"Mùkáílà, iṣẹ́ ńkọ́?"
Mo tú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà wò nínú ọkàn mi
látòkè délẹ̀.
"A dúpẹ́, bàbá."
"Ọlọ́run ṣeun," ló wí, ó yí rédíò sókè.

Ṣùgbọ́n Sìkírátù tó ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé,
Sìkírátù tí mo fọwọ́ ara mi tẹ tirẹ̀ láyé Kòrónà,
dá ọwọ́ dúró.