Epo Tí Kò Mutí

Àárọ̀ Ọjọ́rú, ìrì ṣì wà lára irin.
Ẹ̀gbọ́n Ọnàfọwọ́kàn na ìgò kan sí mi,
ìgò oògùn ikọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti fi bírò fa ìlà méjì sí i lára:
ti ìsàlẹ̀ fún omi, ti òkè fún epo.
"Lọ́dún tó kọjá, ojú ni mo gbà gbọ́," ó ní,
"títí ẹ́ńjìnnì fi dákẹ́, tí oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn gbà mí kalẹ̀.
Lọ́dún yìí, ìgò."

Bàálù wa kéré. Ìjókòó méjì, apá aṣọ tí a kùn lọ́dà.
Lẹ́yìn Ìlíṣàn, à ń so ó mọ́ igi obì bí ewúrẹ́
kí ìjì má baà gbé e lọ sílé onílé.
Oògùn kòkòrò ló ń fọ́n sóko ọ̀pẹ òyìnbó.
Kì í jẹun púpọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ mutí.

Ní Ìpẹru, ọmọ tó di pọ́ọ̀ǹpù mú ń rẹ́rìn-ín:
"Ṣé ẹ fẹ́ ra epo ni, àbí ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò?"
Mo bu omi dé ìlà, mo bu epo lé e,
mo dé e, mo mì í bí oògùn ibà,
mo gbé e sórí ìjókòó ọ̀kadà, mo dúró.
Omi gòkè. Ó fi èékánná kan kọjá ààyè rẹ̀.
Omi kì í dédé ga; ẹnìkan ti wọlé tọ̀ ọ́.

Ọtí ni. Wọn ìbáà fún un lórúkọ olówó lórí ìwé,
ọmọ Iwọ̀pin ni mí, létí ọ̀sà.
Ìyá mi ń se ògógóró; mo mọ òórùn rẹ̀
bí mo ṣe mọ òórùn ẹní tí wọ́n bí mi lé.
Mo mọ ìwà rẹ̀ náà.
Á jókòó ti epo, á bá a ṣe ọ̀rẹ́,
ṣùgbọ́n kí omi kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré,
á dìde, á bá omi lọ sùn nísàlẹ̀ táńkì,
á máa jẹ ròbà díẹ̀díẹ̀ bí ikán.
Mọ́tò tó kú lójú títì, à ń tì í.
Lókè Ṣágámù, níbi tí ogún ọ̀pẹ tí a tò léra kò tó,
ta ni yóò bọ́ sílẹ̀ tì í?

Ìkẹ́nnẹ́: omi gòkè.
Ṣágámù, ilé epo mẹ́ta: omi gòkè, omi gòkè,
ẹ̀kẹta ní kí n gbé ìgò àjẹ́ mi kúrò níwájú òun.
Ní Òdogbolú, òjò.
Mo ti sun epo ọ̀kadà tán níbi tí mo ti ń wá epo bàálù.

Òṣóṣà ni mo ti ọ̀kadà dé, sọ́dọ̀ Ìyáàfin Ṣótúbọ̀,
pọ́ọ̀ǹpù ẹyọ kan, kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lára ògiri.
Ó bá mi bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ìgò.
Ìlà dúró. A dúró. Ìlà ṣì dúró.
"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"
"Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, Màmá."
"Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ lo ń fò báyìí?"
Ó wo ojú mi, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé,
ó fi àádọ́ta náírà lé owó lítà kọ̀ọ̀kan.
Mo san án. Kẹ́ẹ̀gì méjì.

Ẹ̀gbọ́n tún epo náà yẹ̀ wò lójú mi. N kò bínú.
"Ọ̀la," ó ní, "bí ìrì bá gbẹ."

Lálẹ́, ìyá mi pè láti Iwọ̀pin.
Ọjà ń yá, ó ní. Àwọn kan ń gbé ọkọ̀ táńkà wá,
dúrọ́ọ̀mù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í ná an,
wọn kì í tilẹ̀ tọ́ ọ wò.
Owó ilé-ìwé àbúrò mi ti pé.
Ìgò náà wà lórí tábìlì, omi kò kúrò lórí ìlà.
Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màámi."