Ìdáhùn Ẹ̀ẹ̀kan

Òkè àtẹ̀gùn ni ẹ̀rọ ìwọnná wà, níbi iṣẹ́ wa ní Àkúrẹ́.
Èmi wà nísàlẹ̀, nídìí kọ̀ǹpútà,
wáyà gígùn kan láàárín àwa méjèèjì.
Mo pàṣẹ. Ó dákẹ́.
Mo bi í: kí ló ṣe ọ́?

Àpótí mẹ́jọ ló fi ń ròyìn ara rẹ̀,
òdo tàbí oókan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó ní: méjìdínláàádóje.
Àpótí ìkẹyìn nìkan ló jẹ́ oókan:
iná lọ, iná dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.
Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ láàárọ̀ ti fò lọ.

Mo pe Fadérera kó wá wò ó.
Mo tún bi í. Òdo.
Kíkà tí mo kà á ló pa á rẹ́.
Ẹ̀rọ yìí kì í ro ẹjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Lálẹ́, mo pe ìyá mi ní Oǹdó.
Lánàá ló sọ ọ́, láàárín ọ̀rọ̀ iṣu àti òjò,
pé àyà ń fún òun.
"Màámi, àyà yẹn ńkọ́?"
"Àyà wo? Kò sí nǹkan kan."

Òdo.

Mo wá bíírò.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́: àyà, alẹ́ ọjọ́bọ̀, kí òjò tó dá.
Ọkọ̀ Oǹdó àkọ́kọ́ a máa gbéra ní aago mẹ́fà.