Ohun Tí Àpáta Ń Fi Pamọ́

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń sá láfún
sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Ògìdì,
n kò sì bi í ní ìbéèrè kankan rí,
àfi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí
tí mo gbàgbé ọ̀bẹ síbẹ̀,
tí mo fẹsẹ̀ lásán padà lọ mú un.

Oòrùn ti wọ̀ tipẹ́.
Páànù ilé Ìbíkúnlé ti tutù bí imú ajá.
Ṣùgbọ́n àpáta ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi
bí ẹ̀yìn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ kalẹ̀.
Mo dúró. Mo ní, ìwọ yìí,
ta ló ń dáná fún ọ nínú lọ́hùn-ún?

Ọkọ mi ní kí n wá sùn.
Ó ní òkúta ni òkúta, láfún ni láfún.
Ó sùn. Èmi ò sùn.

Tíṣà Ìbítóyè, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbin kọfí,
ló là á fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà rẹ̀:
páànù fẹ́lẹ́, kò ní ibi ìpamọ́,
ohun tí oòrùn bá fún un, ó ti ná an tán kí alẹ́ tó lẹ́.
Òkúta jinlẹ̀ nínú. A máa pẹ́ kó tó gbóná,
a sì máa pẹ́ kó tó tutù.
Mo ní, ó ti yé mi, ìyá ọkọ mi nìyẹn.
Ó rẹ́rìn-ín títí èso kọfí fi dà nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá yé èèyàn, òmíràn ló ń bí.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo fọ́ ẹyin kan sórí rẹ̀.
Jùwọ́n ọmọ mi ti búra pé yóò dín láìsí epo.
A lóṣòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ olè.
Etí rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Funfun rẹ̀ kò funfun.
Èèrà dé. Lẹ́yìn èèrà, adìyẹ ilé Ìbíkúnlé dé,
ó ṣà á jẹ tán.
Adìyẹ tó ń jẹ ẹyin! Ìyẹn náà, mo fi pamọ́.
Igba náírà mi lọ bẹ́ẹ̀.
Jùwọ́n ní a ti rí nǹkan kọ́.
Mo ní, kí ni? Ó ní, pé kò gbóná tó.

Kí ló dé tí oje èèpo kájú fi ń bó àtẹ́lẹwọ́,
tí ọmọ inú rẹ̀ wá dùn tó bẹ́ẹ̀?
Kí ló dé tí èéfín máa ń tọ ẹni tó ń sá fún un?
N kò tíì débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí ti òkúta.

Nínú ọyẹ́, lóru, a máa ń gbọ́ ọ tó ń dún, pàù,
lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn àgbà á ní kí ọmọdé dákẹ́.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó rí ìpele kan tó ṣí lára rẹ̀
bí èèpo àlùbọ́sà.
Tíṣà ní ọ̀sán ń nà án, òru ń mú un súnkì,
ọjọ́ tó bá sú u, á bó.
Sùúrù ẹgbẹ̀rún ọdún, pàù kan.
N kò sọ ti ìyá ọkọ mi níbí o.

Lálẹ́ àná mo gbé àpótí ìjókòó lọ síbẹ̀.
Mo ní, ọ̀kun o. Mo gbé ọwọ́ lé e.
Lẹ́yìn ìwé tí mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí
mo kọ ọ́: aago mẹ́sàn-án, ó gbóná.
Aago méjìlá, ó lọ́wọ́ọ́wọ́.
Aago mẹ́ta, n kò mọ̀ mọ́
bóyá òkúta ló ń mú ọwọ́ mi móoru
tàbí ọwọ́ mi ló ń mú òkúta.

Tíṣà ní ojú ọ̀run ni ooru náà ń padà lọ.
Ojú ọ̀run tó tutù tó yẹn?
Ta ló ń sá nǹkan síbẹ̀?

Àkùkọ kọ. Mo pa ìwé mi dé.
Láfún, ní tirẹ̀, ti gbẹ dáadáa.